Ibà Lassa àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wa: ìbéèrè àti ìdáhùn fáwa ará Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí láràárọ̀ nílé ìlera wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé, àwọn kan á tún pè mí lálẹ́ lórí ẹ̀. Mo wá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Ibà Lassa yìí, ṣé kì í ṣe ibà tá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni?

Rárá o. Ibà tá a mọ̀, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ti Lassa, eku ni. Fáírọ́ọ̀sì kan ló ń fà á, inú eku kékeré kan tí ọmú ẹ̀ pọ̀ jọjọ ló sì ń gbé, kò ní ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan, ó kàn ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ jáde ni, tó bá wá tọ̀ sórí gàárì tàbí sínú abọ́ tá a fẹ́ fi jẹun, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ní in náà lè kó o ran ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, látara ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ tàbí omi ara ẹ̀ míì.

Lassa jẹ́ orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969. Àrùn náà ti pẹ́ láyé, àmọ́ ọdọọdún ló ń dà bíi tuntun sí ọsibítù wa, torí bí ọdún bá ti ń parí lọ báyìí títí dé bí Oṣù Kẹrin, wọ̀ọ̀ làwọn aláìsàn á máa dé.

Kí ló dé tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ń dárúkọ ṣáá?

Torí pé òótọ́ ni. Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà. Ní tiwa níbí, apá Ọ̀wọ̀, Àkókó, Ifọ́n àti Àkúrẹ́ yìí ló ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo bá a ṣe ń gbé ná: ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n dáná sungbó, eku ò ríbi sá sí mọ́, ilé ló ń bọ̀. Àgbàdo wà nínú àpò ní kọ̀rọ̀ yàrá, gàárì wà nínú báàfù tí ò lọ́mọrí, ẹlòmíì sá ẹ̀gẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ó sì fi sílẹ̀ mọ́jú, eku á rìn ín lóru, a ó kó o láàárọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo máa ń sọ fáwọn tó bá ń bú wa pé ọ̀bùn ni wá. Àwọn dókítà Ọ̀wọ̀ ti mọ àrùn yìí mọ́wọ́, wọ́n tètè ń fura sí i, ẹni tó bá sì wá nǹkan ló ń rí i. Ibi tí wọn ò bá ti wá a, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni wọ́n á pè é tí wọ́n á fi sin òkú.

Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí máléríà?

O ò lè fojú lásán dá a mọ̀, dókítà gan-an ò lè ṣe é láì gba ẹ̀jẹ̀. Ó lè lo ọjọ́ 2 sí 21 lára kó tó fara hàn. Nínú èèyàn 10 tó bá kó o, bíi 8 ni kò ní ṣe ju kí ara wọn gbóná díẹ̀ lọ, àwọn míì ò tiẹ̀ ní mọ̀ rárá. Àwọn tó bá mú gan-an, ara wọn á gbóná tí ò ní lọ, orí á máa fọ́ wọn, ọ̀nà ọ̀fun á máa dùn wọ́n, àyà náà, wọ́n á máa bì, wọ́n á máa yàgbẹ́ gbuuru, á wá rẹ̀ wọ́n débi pé dídìde láti tọ̀ á di wàhálà. Ẹ má dúró kẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu tàbí nímú kẹ́ ẹ tó gbà o, ọ̀pọ̀ ni kò ní ṣẹ̀jẹ̀ rárá.

Ohun tí mo ń sọ fáwọn ìyá ọlọ́jà ni pé tẹ́ ẹ bá ti lo oògùn ibà dáadáa fún ọjọ́ méjì tí ara ò rọlẹ̀, ẹ má padà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ gba abẹ́rẹ́ míì. Ẹ wá sọ́síbítù.

Kí ni mo lè ṣe nílé?

Ẹ dé oúnjẹ, ẹ dé omi, ẹ ra ike tí ọmọrí ẹ̀ ń tì pa fún gàárì àti ìrẹsì. Ẹ dí ihò. Ẹ má sá nǹkan jíjẹ sí títì. Tí eku bá ti jẹ níbi oúnjẹ kan, ẹ dà á nù, mo mọ̀ pé ó ń dunni nínú ọ̀wọ́n yìí, ẹ ṣáà dà á nù. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú eku, ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ tó ń dọdẹ eku nínú oko.

Bẹ́ẹ̀dì mélòó gan-an ló wà fún àrùn yìí?

Ibi pàtàkì tó sún mọ́ wa jù ni FMC Ọ̀wọ̀, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti àrùn tó ń ràn lọ́tọ̀. Téèyàn bá kọjá sí Ẹdó, ọsibítù ńlá ìlú Irrua wà níbẹ̀. Àkúrẹ́ ní IDH, ọsibítù àrùn tó ń ràn, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn tó ní Kòrónà sí lọ́dún 2020, ọsibítù UNIMED, ti yunifásítì ìṣègùn, náà sì wà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iye bẹ́ẹ̀dì tàn yín, ọjọ́ tí èèyàn ń lò lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Oògùn ribavirin tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ 10 ni wọ́n ń fún un. Ká sọ pé wọ́ọ̀dù kan ní bẹ́ẹ̀dì 30. Tí èèyàn 3 bá ń wọlé lójúmọ́, tí kálukú sì ń lo ọjọ́ 10, bẹ́ẹ̀dì 30 kún pátá nìyẹn, àmọ́ ó ṣì ń yí, mẹ́ta ń jáde mẹ́ta ń wọlé. Tó bá wá di 5 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀dì 50 ni wọ́n máa nílò kí ọjọ́ 10 tó pé, èèyàn 20 ò ní ríbi sùn. Èèyàn méjì péré ló lé lójúmọ́ o! Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí pé kò sí wàhálà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ ti ń gbọ́ pé ibi gbogbo ti kún.

Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fojú ara mi rí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ṣé wọ́n ń parọ́ fún wa ni?

Ìbéèrè yìí ló ń dun àwọn èèyàn jù, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Irin àti fóòmù nìkan kọ́ ni ọsibítù ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Irin náà wà níbẹ̀, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó máa dúró tì í lọ́sàn-án àti lóru ńkọ́, dókítà ńkọ́, oògùn, omi, iná, ẹni tó máa fọ ilẹ̀, ẹni tó máa kó ìdọ̀tí ẹ̀ lọ sun? Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn, irin lásán ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wọlé sí wọ́ọ̀dù yẹn. Á bọ́ aṣọ tiẹ̀ sílẹ̀, á wọ aṣọ wọ́ọ̀dù, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, á wọ aṣọ tí omi ò lè gbà wọlé, á so épírọ́ọ̀nù lé e, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbomú, ìborí, ìgò ojú, ẹnì kejì á sì dúró síwájú ẹ̀ tí á máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀. Nínú ooru Oṣù Kejì, kó tó pẹ́, òógùn á ti kún inú bàtà, ìgò ojú á ti ṣú, iṣan tó fẹ́ gún lọ́wọ́ aláìsàn ò hàn dáadáa mọ́, tó bá ti tó bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jáde. Bíbọ́ ẹ̀ gan-an wá léwu ju wíwọ̀ lọ, ohun kan tó bá bọ́, á fi omi Jik ṣan ọwọ́, á tún bọ́ òmíì, á tún ṣan ọwọ́. Tó bá jáde tán, ojú ìbomú á ti wà lójú ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í. Ẹlòmíì ló máa wọlé rọ́pò ẹ̀. Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì méjì ń ṣe ní wọ́ọ̀dù lásán, márùn-ún lè má ká a níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló sì ń japa lójoojúmọ́. Mi ò bá wọn wí. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èèyàn ló kọ́kọ́ ń tán nílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kọ́.

Ìdí kejì ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ da ẹni tí wọ́n ṣì ń fura sí pọ̀ mọ́ ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní in. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lè ṣófo níbì kan kí apá kejì kún àkúnya. Tí wọ́n bá gbé ẹ sùn ti ẹni tó ní Lassa, tó sì jẹ́ pé máléríà lásán ló ń ṣe ẹ́, àwọn ni wọ́n kó o ràn ẹ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ilé míì kún un?

Ilé dáa, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí, owó oṣù ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dá èèyàn dúró, lẹ́yìn náà omi tó ń yọ nígbà gbogbo, lẹ́yìn náà iná tí ò gbára lé dísù. Ilé ló ṣe é ya fọ́tò níwájú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀.

Lọ́dún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Àbújá tiwa yìí, wọ́n ṣèlérí pé nínú 100 náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, àwọn á máa kó 15 sórí ìlera. Àwa tá a gbà wọ́n lálejò, ìjọba àpapọ̀ wa ò tíì dé ibẹ̀ lọ́dún kankan.

Kí ló ń jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò pẹ́?

Ẹ̀rọ PCR ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, kì í ṣe gbogbo láàbù ló lè ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ lè pa ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà kan, Irrua ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ kí wọ́n tó lè mọ̀, Ọ̀wọ̀ ti ní láàbù tiẹ̀ báyìí, ó sì ti dín wàhálà kù gan-an. Wákàtí díẹ̀ lẹ̀rọ náà ń lò. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ ni gbígba ẹ̀jẹ̀ láti ibi tó jìn, ọkọ̀ tó máa gbé e, iná tó lọ, àti pé wọ́n lè fẹ́ kí ó pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é pa pọ̀.

Ẹ rántí pé gbogbo wákàtí yẹn, ẹni tó ń dúró de èsì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí èsì bá tètè jáde, bẹ́ẹ̀dì ṣí sílẹ̀ nìyẹn láì kọ́ ilé kankan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lé wa lọ Ọ̀wọ̀? Ṣé Àkúrẹ́ ò lè tọ́jú ẹ̀ ni?

Wọn ò lé yín. Ọ̀wọ̀ ò ju wákàtí kan lọ sí wa tí ọ̀nà bá dáa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀hún ti mọ́ wọn lára, ibẹ̀ náà ni àwọn ará Èkìtì àti Kogí ń gbé èèyàn wọn lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ibẹ̀.

Àbúrò ìyá mi kan tó ń ta pákó ní Àkúrẹ́ níbí, ara ẹ̀ gbóná lọ́jọ́ Ajé kan nínú Oṣù Kìíní. Oníkẹ́míìsì àdúgbò fún un lábẹ́rẹ́ mẹ́ta. Kò lọ. Wọ́n gbé e dé kílíníìkì kan, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, wọn ò bi í léèrè kankan nípa eku. Ìyàwó ẹ̀ wá se àgbo. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni wọ́n tó pè mí, mo sì bú sẹ́kún lórí fóònù kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án la gbé e dé Ọ̀wọ̀, kíndìnrín ẹ̀ ti fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó yè é, mo dúpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ 23 ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì dípò 10, etí ẹ̀ apá òsì ò sì gbọ́ràn mọ́ títí dòní, etí dídi máa ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ye Lassa.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọjọ́ 23 yẹn, èèyàn méjì ì bá ti lò ó. Ribavirin ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọ̀wọ̀ láàárín 2018 sí 2020 wo èèyàn 510 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in, 62 ló kú, àwọn tí kíndìnrín wọn ti bà jẹ́ ló sì wà nínú ewu jù. Ẹni tó tètè dé ń gba ara ẹ̀ là, ó tún ń fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Báwo la ṣe máa gbé e débẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ pe NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, sórí 6232, ọ̀fẹ́ ni, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ yín kí wọ́n bá yín pe ẹni tó ń rí sí àrùn tó ń ràn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ èrò. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa tọ́jú ẹ̀ títí àmbúláǹsì á fi dé, kẹ́ni náà wọ ìbọ̀wọ́, kó má fọwọ́ lásán gbọn èébì ẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ti lò sínú ìwé, títí kan àgbo. Wọn ò ní bú yín. Àgbo tẹ́ ẹ fi pa mọ́ ló lè jẹ́ kí dókítà ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ kíndìnrín.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹ̀?

NCDC ló ń pín ribavirin fáwọn ilé ìtọ́jú, àwọn àjọ tó ń ranni lọ́wọ́ bí ALIMA náà sì ti ń bá Ọ̀wọ̀ ṣiṣẹ́ látọdún 2018. Àmọ́ ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, torí àyẹ̀wò míì, ẹ̀jẹ̀, àti fífọ kíndìnrín lè gba owó. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí wọn ò san. Ẹ má tìtorí owó jókòó sílé o, ẹ gbé e lọ ná.

Ṣé wọ́n máa jẹ́ ká rí èèyàn wa?

Ẹ ò ní lè wọlé jókòó tì í bá a ṣe máa ń ṣe, ìyẹn sì le fún wa, àwa tó jẹ́ pé tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn gbogbo ẹbí ló ń sùn sí wàráńdà ọsibítù. Nígbà ti àbúrò ìyá mi, ìyàwó ẹ̀ máa ń gbé kúlà oúnjẹ dúró síta láago méje àárọ̀, nọ́ọ̀sì á bu oúnjẹ sínú abọ́ tó máa dúró síbẹ̀ pátápátá, á dá kúlà padà láì jẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n sàmì sí. Fóònù ẹ̀, inú nylon ni wọ́n dì í sí, nọ́ọ̀sì kan ló gbé e sí i létí lọ́jọ́ kẹta, a sì gbọ́ ohùn ẹ̀: "Ẹ ti jẹun?" Òun tí ò lè dìde ló ń bi wá bóyá a ti jẹun.

Ẹ fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí máa pè. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ń pe wọ́ọ̀dù lójúmọ́, nọ́ọ̀sì kan ni ẹ mú kúrò nídìí aláìsàn yẹn.

Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ. Ṣé kí n sá fún ọsibítù lásìkò yìí?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Aláboyún tí oyún ẹ̀ ti dàgbà ni Lassa burú sí jù, ìyá àti ọmọ ló ń wá. Tí ara yín bá gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má tiẹ̀ dúró de ọjọ́ méjì tí mo sọ lókè.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn tí ò ní Lassa rárá ń kú nítorí Lassa. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò wá gba oògùn ẹ̀ mọ́ torí ó ń bẹ̀rù, ìyá kan bímọ sílé, ọmọ kan ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn mọ́ iye tí Lassa pa. Ẹ máa lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń gba ìtọ́jú, ẹ fọwọ́, ẹ jókòó jìnnà síra.

Kí ló dé táwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà fi máa ń bẹ̀rù wa, tí wọ́n á máa dúró lókèèrè?

Torí wọ́n ti sin ara wọn rí. Ẹ rántí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh nígbà Ebola ní Èkó lọ́dún 2014, òun ló kọ̀ kí aláìsàn tó gbé Ebola wọ̀lú jáde lọ káàkiri, àrùn náà sì pa òun náà. Níbí lọ́dọ̀ wa, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Oǹdó fúnra ẹ̀, Dókítà Wahab Adegbenro, Kòrónà ló pa á ní Oṣù Keje 2020. Lassa náà ń mú òṣìṣẹ́ ìlera lọ́dọọdún, pàápàá ní ibi kékeré tí wọn ò ti fura, tí wọ́n fọwọ́ lásán fa omi sí aláìsàn lára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹnu wọn kò dáa, mi ò gbè wọ́n. Àmọ́ ẹni tó dúró lókèèrè bi yín ní ìbéèrè kó tó lọ wọ ìbọ̀wọ́, ìyẹn ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Tí Lassa bá pàdé wàhálà míì ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Lọ́dún 2018, èèyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní Lassa ní Nàìjíríà, gbogbo wa ń pariwo pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2020 ó di 1,189, ọdún yẹn kan náà ni Kòrónà dé, ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Oǹdó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin, Lassa ò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀, méjèèjì ló jọra. Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú kan náà ni méjèèjì ń jẹ tán. Lọ́dún 2021 àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù méjì lọ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kẹfà 2022 ńkọ́, nígbà tí wọ́n pa àwọn èèyàn nínú ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀. FMC yẹn kan náà ni wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá, àwọn èèyàn tò láti fi ẹ̀jẹ̀ ṣètọrẹ. Ká ní inú Oṣù Kejì ló bọ́ sí, nígbà tí wọ́ọ̀dù Lassa kún, mi ò fẹ́ ronú ẹ̀. Ọsibítù tó bá ti kún tán lójoojúmọ́ ò ní àyè fún ọjọ́ burúkú, ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn ju Lassa fúnra ẹ̀ lọ.

Ṣé kí n ra ribavirin pamọ́ sílé? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má rà á. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára èèyàn, ó léwu fún oyún, kò sì yẹ kéèyàn máa lò ó láì sí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Dókítà nìkan ló lè pinnu bóyá ẹni tó fara kan aláìsàn gan-an nílò ẹ̀. Àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí ò tíì sí, wọ́n ṣì ń dán an wò, wọ́n sì ti ń dán ọ̀kan wò ní Nàìjíríà níbí náà.

Èèyàn wa kú sọ́wọ́ wọn, wọn ò jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́. Kí ló dé?

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Fáírọ́ọ̀sì náà ò kú lọ́jọ́ tí èèyàn kú, omi ara òkú ṣì lè ran ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ tàbí tó dì mọ́ ọn. Wọ́n á dì í sínú àpò, àwọn tó ti kọ́ ọ ló máa gbé e. Àmọ́ ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀ lókèèrè, kí pásítọ̀ tàbí ààfáà yín gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Tí wọ́n bá fẹ́ sin ín láì sọ fún yín, ẹ kọ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró dè yín. Ibi tí wọ́n bá ti fi òkú wọ́lẹ̀ ni ẹbí ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti fi aláìsàn tó kàn pa mọ́ sílé.

Àwọn tó gbé pẹ̀lú ẹ̀, ọjọ́ 21 ni wọ́n á fi máa wo ìgbóná ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má sá lọ sílé ìyá yín ní Ìdànrè tàbí Òkìtìpupa.

Tó bá ku bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, téèyàn méjì sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni wọ́n ń fún?

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ẹni tó wà nínú ewu jù, tí ìtọ́jú sì lè gbà là, ló ní in. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ wọ géètì, kì í ṣe ẹni tó lówó, kì í ṣe ọmọ ẹni kankan. Ẹnì kejì ò ní lọ sílé, wọ́n á fa omi sí i lára níbi tí wọ́n ti ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, wọ́n á máa wá ibòmíì fún un, bóyá Irrua.

Ibi tí ó ti ń bà jẹ́ ni fóònù. Mo ti wà níbì kan lóru tí fóònù dókítà dún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn èèyàn ńlá ìlú, lórí aláìsàn kan ṣoṣo tó lè rìn wọlé fúnra ẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, obìnrin kan di ọmọ ẹ̀ mú, ọmọ bí ọdún mọ́kànlá, ọmọ yẹn ò lè gbé orí dúró mọ́. Obìnrin náà ò mọ ẹnì kankan tó lè pè. Dókítà yẹn pa fóònù ẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wọlé. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tẹ́ ẹ lè pè lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ tó pè é, ẹ kọ́kọ́ wo orí bẹ́ǹṣì.